Wọ́n ní rẹsítọ̀ 51k ò sí lọ́jà: ṣé mo lè fi 47k to pẹ́dà dístọ́ṣọ̀n mi?

OlóGìtá_Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń to pẹ́dà dístọ́ṣọ̀n kan fún gìtá mi, Tube Screamer TS808 ti Ibanez ni mo ń wò tò ó, èyí tó jẹ́ pé áísíì JRC4558 kan ṣoṣo, páàtì kékeré tó ń gbé ohùn ga, ló wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní overdrive nìyẹn, kì í ṣe dístọ́ṣọ̀n, ẹ má bínú, ohun tó bá ti ń ha ohùn gìtá, dístọ́ṣọ̀n ni mo máa ń pè é. Veroboard, pátákó tá à ń jó páàtì mọ́, wà nílẹ̀, áísíì wà, dáyóòdù 1N4148 méjèèjì tó ń ha ohùn wà, kapasítọ̀ pé, rẹsítọ̀, àwọn tó ń dín iná kù, ló wá ń fún mi ní wàhálà.

Wọ́n kọ 51k, ìyẹn 51,000 ohm, síbì kan nínú àwòrán yẹn, wọ́n sì kọ 510k síbi méjì. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta páàtì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó wo bébà mi, ó wo ojú mi, ó ní ta ló fún mi ní nọ́ńbà yìí, pé láti ìgbà tóun ti ń ta páàtì kò sí rẹsítọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ló bá da 47k àti 56k sórí tábìlì pé kí n mú èyí tó bá wù mí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan náà kẹ̀? 47 àti 56 wá di ọ̀kan náà?

Ṣé kí n mú 47k yẹn kí n jó o mọ́bẹ̀, àbí kí n ní sùúrù dìgbà tí mo bá rẹ́ni tó ń lọ sí Alábà kó bá mi wò ó? Òmíì tún ni pé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta béèsì ní tí mo bá ti lè máa pààrọ̀ rẹsítọ̀ báyìí kí n kúkú fi 2.2k dípò 4.7k tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kapasítọ̀ 0.047 microfarad, pé pẹ́dà yẹn á túbọ̀ gbóná. Ṣé òótọ́ ni? Orin ìyìn ni mo fẹ́ máa fi ta o, ibi tí orin bá ti gbóná dáadáa, mi ò fẹ́ kó máa dún bí ẹ̀fọn sí wọn létí.

Bàbá_Àyọ́ọ̀nù:

Àbúrò, kú iṣẹ́. Ọ̀gá ọlọ́jà yẹn ṣi ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀, àmọ́ kò rẹ́ ẹ jẹ. 51k wà, kò kàn sí nínú ìlà tí àwọn tó ń ta páàtì fáwa aṣàtúnṣe rédíò máa ń kó wálé ni. Tó o bá padà débẹ̀, wo gbogbo páálí tó tò sílẹ̀ dáadáa: 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68, 82, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà kan náà ló ń padà wá, wọ́n á kàn fi òdo kan kún un. Fún àwọn rẹsítọ̀ tó lè fi 10% dín tàbí lé sí ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára ni wọ́n ṣe to ìlà yẹn, kó lè jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan bá parí sí lèkejì á ti bẹ̀rẹ̀. Fi 10% lé 47k, ó di 51.7k. Yọ 10% kúrò nínú 56k, ó di 50.4k. Ṣé o rí i pé ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé gan-an ni 51k ẹ wà? Inú ìlà kejì, oní nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún, ti 5%, ni 51 àti 510 wà, àwọn ará Japan tó ṣe pẹ́dà yẹn sì ní in nílẹ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n ṣe lò ó. Kì í ṣe pé àṣírí kan wà níbẹ̀.

Ká wá wo iṣẹ́ tí 51k yẹn ń ṣe, torí iṣẹ́ tí rẹsítọ̀ bá ń ṣe ló máa sọ fún ẹ bóyá o lè pààrọ̀ ẹ̀. Òun àti 500k tó o fi ń yí drive, ìyẹn bí ohùn á ṣe há tó, ni wọ́n jọ tò tẹ̀léra láàárín ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde lára áísíì àti ẹsẹ̀ tó ń gbà á padà. Tó o bá yí drive wálẹ̀ pátápátá, 500k á di òdo, 51k nìkan ló máa kù, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí gain, ìyẹn ìlọ́po tí áísíì fi ń gbé ohùn ga, má jábọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ro méjèèjì pọ̀, fi 4.7k pín in, kí o fi 1 kún un. Tí drive bá wà nísàlẹ̀, 51k á fún ẹ ní 11.85, 47k á fún ẹ ní 11. Tó o bá yí i dókè pátápátá, ti 51k á jẹ́ 118.2, ti 47k á jẹ́ 117.4. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nínú ariwo ìlù àti kíbọ́ọ̀dù? Ìwọ tó o tò ó gan-an ò ní gbọ́ ọ.

Mo tún fẹ́ kó o mọ̀ pé 500k tó o rà yẹn, 20% ni wọ́n fàyè gbà á. Ó lè jẹ́ 400k, ó lè jẹ́ 600k, tí wọ́n á sì kọ 500k sí i lẹ́yìn. Èèyàn ò lè máa jà lórí 4k nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lè fi 100k ṣìnà, jàre.

Tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀, gbé mítà. Wá rédíò àtijọ́ kan tó ti kú, yọ àwọn 47k inú ẹ̀, àwọn tí ìlà ara wọn jẹ́ yẹ́lò, fáyólẹ́ẹ̀tì, ọ́rénjì, tí sílífà wá gbẹ̀yìn. Sílífà yẹn ni 10%. Àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ tó rí róbótó, oníkábọ́ọ̀nù, bí wọ́n bá ṣe ń pẹ́ sí i ni nọ́ńbà wọn máa ń gòkè, wàá rí òmíì tí wọ́n kọ 47k sí lára tí mítà á sì sọ fún ẹ pé 51k ni. Má wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì wà lára board o, yọ ẹsẹ̀ kan sókè ná, nǹkan tó yí i ká á parọ́ fún mítà.

Bí_Ìwé_Ṣe_Wí:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, mi ò sì lè bá yín jiyàn lórí rédíò. Àmọ́ kí ló dé tá a fi ń gba ọ̀nà jíjìn? 39k àti 12k wà nínú ìlà tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Kó so wọ́n tẹ̀léra, 51k nìyẹn gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. 330k àti 180k, 510k nìyẹn gẹ́lẹ́. Kó tẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kó dúró wọn lóòró lórí veroboard, kó fi lẹ́ẹ̀dì tá a fi ń jó páàtì mú orí wọn pọ̀, àyè tí ọ̀kan ṣoṣo máa gbà náà ni wọ́n máa gbà. Owó rẹsítọ̀ méjì ò tó owó mọ́tò dé Alábà.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni "kò sí ìyàtọ̀, kò sí ìyàtọ̀" yìí. Lónìí wọ́n á fi 47k dípò 51k, lọ́la wọ́n á fi 0.1 dípò 0.047, lọ́túnla wọ́n á wá síbí wá sọ pé àwọn to TS808, kò dún dáadáa, pé irọ́ làwọn òyìnbó ń pa lórí pẹ́dà yẹn. TS808 kọ́ lẹ tò nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn 808 kó to 808.

Tóònù_Peckham:

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Bí_Ìwé_Ṣe_Wí, bọ̀ọ̀dá mi, 39k àti 12k yẹn dáa, mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ ìwé wo gan-an lẹ̀ ń tẹ̀lé? Ilé iṣẹ́ tó ni pẹ́dà yẹn fúnra wọn ò tẹ̀lé e. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ibi tí ohùn ti ń jáde nínú TS808, rẹsítọ̀ 100 ohm àti 10k lẹ máa bá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé TS9 jáde lọ́dún 1982, wọ́n sọ ọ́ di 470 ohm àti 100k, ibi yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Níhìn-ín àwọn èèyàn ń gbé TS9 wọn fún ẹlòmíì pé kó bá wọn sọ ọ́ di 808, rẹsítọ̀ méjì yẹn ni onítọ̀hún máa pààrọ̀, bóyá kó tún pààrọ̀ áísíì mọ́ ọn, á sì gbowó gidi. Mo ti gbọ́ méjèèjì lórí ámpù kan náà. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ tẹ́nì kan bá yí tóònù díẹ̀ ó ti bò ó mọ́lẹ̀.

OlóGìtá, 510k méjì yẹn, ibi tí transistor méjèèjì wà ni wọ́n wà, ọ̀kan níbi tí gìtá ti ń wọlé, èkejì níbi tí ohùn ti fẹ́ jáde. Wọ́n kàn ń gbé transistor yẹn dúró sórí 4.5V ni. 470k á ṣe é, 560k á ṣe é. Ohun tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó fojú fo òdo kan kó wá fi 47k síbi tí gìtá ti ń wọlé, pẹ́dà á ṣiṣẹ́ o, àmọ́ pickup gìtá, ohun tó ń gba ohùn wáyà, ò lágbára tó láti ti nǹkan tó kéré tó yẹn, gbogbo ohùn òkè tó ń dán ló máa lọ, wàá rò pé wọ́n da aṣọ bo ámpù ẹ. Ọ́rénjì àti yẹ́lò jọra wọn gan-an lábẹ́ iná tí ò mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó jó o mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 2.2k tí ọ̀rẹ́ ẹ tó ń ta béèsì sọ, òótọ́ wà níbẹ̀ àmọ́ ìdajì ló sọ. Gain máa gòkè lóòótọ́: 551 tá a bá fi 2.2 pín in, ká fi 1 kún un, ó ti lé ní 251, nígbà tó jẹ́ pé 118 lo ní tẹ́lẹ̀. Àmọ́ 4.7k yẹn ò dá dúró, òun àti kapasítọ̀ 0.047 tó wà nídìí ẹ̀ ni wọ́n jọ ń pinnu ibi tí béèsì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn méjèèjì ló fún pẹ́dà yẹn ní 720 Hz, ìyẹn ìgbà 720 tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó bá wà lókè 720 ń gba gbogbo gain, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni gain ẹ̀ ń dín kù. Wáyà tó nípọn jù lára gìtá, E ìsàlẹ̀, 82 Hz ni tó bá dá dún láìtẹ̀ ẹ́. Lójú ẹ̀, gain 118 yẹn ti di bí i 13 tàbí 14 péré. Ìdí nìyẹn tí Tube Screamer kì í fi í pò bí ẹ̀kọ tí èèyàn bá di kọ́ọ̀dù mú, béèsì ò rí ààyè bà á jẹ́ níwájú dáyóòdù. Tó o bá wá fi 2.2k síbẹ̀, tó o fi kapasítọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, 720 yẹn á gun òkè lọ dé bí i 1,540 Hz. Ohùn máa há lóòótọ́, àmọ́ òkè nìkan ló máa há, ìsàlẹ̀ á tín-ín-rín, ẹ̀fọn tó ò ń sá fún yẹn lo lọ ń pè wálé.

Tó bá jẹ́ pé gain yẹn lo fẹ́ lóòótọ́, pààrọ̀ àwọn méjèèjì pa pọ̀. 4.7 lọ́nà 0.047, 0.22 ni. 2.2 lọ́nà 0.1, 0.22 náà ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìlọ́po wọn ò bá ti yí padà, 720 Hz náà ò ní yí padà. Torí náà 2.2k pẹ̀lú kapasítọ̀ 0.1, gain á di 251, béèsì á wà bó ṣe wà. Bí_Ìwé_Ṣe_Wí ń sọ̀rọ̀ 0.1 bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tí 2.2k bá tẹ̀ lé e.

Bí_Ìwé_Ṣe_Wí:

Lóòótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ to oní 4.7k ná kó gbọ́ ọ. Tí kò bá mọ bó ṣe ń dún gan-an, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èyí tóun pààrọ̀ dáa jù ú lọ?

Bàbá_Àyọ́ọ̀nù:

Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Tóònù_Peckham náà, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi sọ èyí tó kù.

Àbúrò, ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kó o ti ṣeré, kò sì sẹ́ni tó tíì dárúkọ ẹ̀. Wo 10k méjì tó tò láti pósítífù bátìrì dé négétífù, tí kapasítọ̀ ńlá 47 microfarad wà láàárín wọn. Àwọn ló ń pín 9V sí méjì kí áísíì lè rí 4.5V dúró lé. Nọ́ńbà tí wọ́n jẹ́ kọ́ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀ o, kí wọ́n bá ara wọn dọ́gba ló ṣe pàtàkì. 10k méjì, ó dáa. 12k méjì, ó dáa. 22k méjì, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó o bá fi 10k sí ọ̀kan tó o wá fi 4.7k sí èkejì torí pé òun ló wà nílẹ̀, 4.5V á di bí i 6.1V tàbí 2.9V, ó dọwọ́ èyí tó wà lókè. Ohùn á wá máa kan àjà lápá kan nígbà tí àyè ṣì wà lápá kejì, bátìrì tí ò lókun mọ́ á tún mú un burú sí i. O lè fi rẹsítọ̀ oní 5% sí àwọn ibi yòókù, àmọ́ méjì yẹn, fi mítà ṣa èyí tó bára mu jù nínú ọ̀pọ̀ tó o bá ní.

Tó o bá tò ó tán, kó o tó fi gìtá sí i, fi mítà sórí 20V DC, so wáyà dúdú mọ́ négétífù bátìrì. Ẹsẹ̀ 8 áísíì gbọ́dọ̀ sún mọ́ 9V, ẹsẹ̀ 4 á jẹ́ òdo, ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 7 á wà ní àyíká 4.5V. Tí ẹsẹ̀ 1 tàbí 7 bá lọ lẹ̀ mọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀, má tíì máa pààrọ̀ rẹsítọ̀, lẹ́ẹ̀dì tó ṣàn kan ẹnu ìlà kejì lórí veroboard ni kó o kọ́kọ́ wá.

OlóGìtá_Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti pinnu: 39k àti 12k fún 51k, 470k fún àwọn 510k, mi ò ní fọwọ́ kan 4.7k rárá ní báyìí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta béèsì ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù mi, ó ní ẹ bá òun kí Tóònù_Peckham.

Ó ku nǹkan méjì. Àwọn rẹsítọ̀ tí mo rí rà, òmíì tóbi, ó ní 1/2 watt ni, 1/4 watt ló wà nínú àwòrán, ṣé á da ohùn rú? Èkejì ni pé ibi tí wọ́n ti ń yí tóònù, 20k ni wọ́n ní, mi ò rí 20k, 10k, 50k àti 100k ló wà.

Bàbá_Àyọ́ọ̀nù:

1/2 watt ò ní ṣe nǹkan kan sí ohùn, ara ẹ̀ ló kàn tóbi, á gba àyè nínú páálí. Lórí 9V iná tó ń gba inú àwọn rẹsítọ̀ yẹn kéré débi pé 1/8 watt gan-an á pọ̀ fún wọn. 1/4 tàbí 1/2, èyí tó bá wà nílẹ̀ ni kó o lò.

Tóònù_Peckham:

Ẹ bá mi kí i padà o. Lórí 20k: ra 50k, kó o wá jó rẹsítọ̀ 33k mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì á jọ di 19.9k. Ọ̀nà tó ń gbà yí nígbà tó o bá wà láàárín á yàtọ̀ díẹ̀ sí ti 20k gidi, torí 20k tí wọ́n lò gan-an kì í yí déédéé, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé. Má fi 100k síbẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, gbogbo iṣẹ́ á kó sí etí méjèèjì, kò ní sí nǹkan láàárín.

OlóGìtá_Abẹ́òkúta:

33k yẹn, ẹsẹ̀ wo ni kí n jó o mọ́? Mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ẹ̀.

Tóònù_Peckham:

Àwọn méjì etí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Má fọwọ́ kan ti àárín, ibẹ̀ ni 220 ohm àti kapasítọ̀ 0.22 ń bọ̀ wá. Gé ẹsẹ̀ 33k náà kúrú kí o tó jó o, kó má lọ kan ara páálí irin nígbà tó o bá ń dè é.